Ilẹ̀kùn Tí Kò Ní Ilé Lẹ́yìn

Rísíkátù aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Òun ló ń rán aṣọ eré fún ẹgbẹ́ eléré àwọn ọ̀dọ́ ní Ìlobù, ó sì wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀. Ohun tí òun kò fojú ara rẹ̀ rí, Fisáyọ̀ ló sọ ọ́ fún un.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Wọ́n ti kó gbogbo àga kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Olúwafisáyọ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá òfìfo lórí, ó ń retí ìgbà tí yóò kan òun. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un nínú eré náà kò pọ̀. "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá Onílé." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti sọ ọ́ tán, yóò kọjá, yóò jáde lápá kejì, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́ títí eré yóò fi parí.

Jàlálù ló ń ṣe Bàbá Onílé. Kíláàsì kan náà ni òun àti Fisáyọ̀ wà nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí Jàlálù bá ti ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ agbádá, tó mú ọ̀pá dání, ó ti di àgbàlagbà nìyẹn. Ó jókòó sórí àpótí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àwọn tó jókòó sílẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì sọ nǹkan kan o. Ikọ́ lásán ni.

Fisáyọ̀ wọlé. "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá Onílé."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ yán.

"Ó dáa," ni Irewọlé, olórí ẹgbẹ́, wí láti ìdí fèrèsé. "Ṣùgbọ́n Fisáyọ̀, má máa wò wá lójú bó o bá ń kọjá. O dà bí ọlọ́pàá tó ń wá ẹni tí yóò mú."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí Fisáyọ̀ rí lọ́jọ́ náà nìyẹn, ti Irewọlé sì ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ó gbé korobá sílẹ̀. Inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tí òun lè bínú sí. Láti ìgbà Kérésìmesì tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ti wọ̀ ọ́ lára. Nínú eré ṣọ́ọ̀ṣì ni, òun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn amòye, ó fẹsẹ̀ kọ ìsàlẹ̀ aṣọ rẹ̀, ó sì ṣubú lu Jósẹ́fù. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín títí kan pásítọ̀. Àwọn èèyàn rò pé ojú tì í. Ojú kò tì í rárá. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan gbá a mú lábẹ́ apá méjèèjì tó gbé e sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kanlẹ̀ títí ó fi délé. Látìgbà náà ló ti ń wá ohun tí yóò tún gbé e bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi wọ ẹgbẹ́ eléré nìyẹn, tí màmá rẹ̀, tí í ṣe olùkọ́ ìṣirò, sì ń béèrè ní gbogbo Sátidé pé, "Fisáyọ̀, ìwé ńkọ́?"

Káfíńtà ni Irewọlé. Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́, Sátidé nìkan ló ń ráyè fún eré. Ọmọ Ìlobù ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìfọ́n ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àgbègbè wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìjà ilẹ̀ àárín ìlú méjèèjì ti pẹ́. Ilé ti jó níhìn-ín, ilé ti jó lọ́hùn-ún, àwọn tó jẹ́ àna ara wọn sì ti ń yẹra fún ara wọn lójú ọ̀nà. Nísinsìnyí tí ara ti ń tutù díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ́n ní kí ẹgbẹ́ náà wá ṣeré fún àwọn bí tẹ́ẹ̀mù bá parí. Irewọlé kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó kọ eré kan tí kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá, eré onílé àti àwọn ayálégbé rẹ̀. Ó sì kan ilẹ̀kùn kan fún un, ilẹ̀kùn gidi tó ní férémù àti ibi tí wọ́n ń fi àgádágodo sí, ó kàn án mọ́ pákó nísàlẹ̀ kó lè dá dúró láìsí ògiri. Bí ẹ bá rí i láàárín kíláàsì náà, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa yín. "Ilẹ̀kùn tí kò ní ilé lẹ́yìn," ni Jàlálù máa ń pè é.

Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ tí Fisáyọ̀ ní nínú ẹgbẹ́ náà ni Nímọ́tà, tó ń wá láti Ìfọ́n. Òun ni yóò kọrin kí àwọn òǹwòran kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé Irewọlé kò fi dandan lé e pé kó máa wá fún ìdánrawò, Nímọ́tà sì ń fi ọjọ́ Sátidé lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo. Nígbà tí Fisáyọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, Ìfọ́n ló wọkọ̀ lọ láti lọ fẹjọ́ sun ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Korobá yẹn gan-an ń sọ̀rọ̀ jù mí lọ, Nímọ́tà."

"Jẹ́ n bá ọ bẹ Bọ̀dá Irewọlé nígbà náà. Kí korobá máa ṣe ìwọ, kí ìwọ máa ṣe korobá."

Orí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n jókòó sí, iwájú yàrá tí Nímọ́tà àti ìyá rẹ̀ ń gbé, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ìyá Nímọ́tà fi gbé àtẹ ẹ̀pà yíyan jáde. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àgádágodo náà wò, ó sì gbé àtẹ rù. Fisáyọ̀ kúnlẹ̀.

"Fisáyọ̀ mi, o kú ìrìn. Màmá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

Obìnrin náà ń lọ. Nígbà tó dé orí pákó tí wọ́n gbé dábùú gọ́tà, ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí ìró, níbi tí ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ ńlá kan so rọ̀ sí, ó sì fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló yí ọrùn padà, ọrùn nìkan, àtẹ kò mì, èjìká kò yí, ó wo ilẹ̀kùn náà bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ òun. Ó padà. Ó fa àgádágodo wò. Ó tún lọ. Kò tíì kọjá igi máńgòrò tó fi tún dúró, ọwọ́ tún lọ sí ìbàdí, ọrùn tún yí.

"Màmá," ni Nímọ́tà wí, "ilẹ̀kùn yẹn ti gbọ́ o. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò lọ síbì kankan."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó padà lọ fa àgádágodo náà, ó sì gba ọ̀nà ọjà lọ.

Àwọn ọmọ méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há Fisáyọ̀ lọ́fun.

"Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣí yàrá wa," ni Nímọ́tà wí nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀. "Àwọn yòókù, ti ilé wa àtijọ́ ni. Èyí tó jó."

"Kí ni wọ́n ń ṣí báyìí?"

"Kò sí." Nímọ́tà gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Má dá jẹ ẹ̀pà yẹn tán o."

Fisáyọ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọrùn yẹn ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó so kọ́kọ́rọ́ màmá rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó gbé ìwé ìṣirò rù bí àtẹ, ó sì dúró níwájú dígí. Ó yí ọrùn, ìwé já bọ́. Ó tún yí i. Nígbà tí màmá rẹ̀ yóò fi pè é wá jẹun, ọrùn ti ń dùn ún, ìwé kò sì já bọ́ mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà tó kàn án, kò gba ẹnu ọ̀nà kíláàsì wọlé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí Irewọlé kàn ló ti yọ. Ó tì í, ó fa àgádágodo wò. "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá Onílé." Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ọwọ́ lọ sí ìbàdí. Ọrùn yí.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nímú. Fisáyọ̀ padà, ó fa àgádágodo, ó tún lọ, ọrùn tún yí, ẹ̀rín bẹ́.

Jàlálù, tí kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá òun, na ọ̀pá sí i. "Ìyá, ẹ kúkú fẹ́ ilẹ̀kùn yẹn níṣulọ́kà, kí gbogbo àdúgbò lè sinmi."

Kíláàsì dàrú. Ẹni tó yán lọ́sẹ̀ tó kọjá ti wà nílẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá símẹ́ǹtì. Fisáyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá rẹ́rìn-ín, tiwọn yóò parí. Ó dà bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga, tó ń gbọ́ ìwúwo korobá náà lọ́wọ́ bó ti ń bọ̀ lókè. Bó bá dúró, wọn á mí. Bó bá yí ọrùn, wọn á bú. Ẹni tó gbá a mú lábẹ́ apá lọ́jọ́ Kérésìmesì tún ti dé, ó sì gbé e ga ju ti ìgbà yẹn lọ.

Irewọlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín pẹ́. "Ó dára, Fisáyọ̀. Ó dára gan-an. Ta lo rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí Irewọlé kì í dẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bó o bá fẹ́ sín èèyàn jẹ nínú eré, ìbáà jẹ́ ìrìn rẹ̀, ìbáà jẹ́ ohùn rẹ̀, ilé ẹni náà ni wàá kọ́kọ́ lọ. Wàá ṣe é lójú rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, o lè gbé e wá. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni wàá fi í sí. Ikọ́ tí Jàlálù ń wú yẹn, ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tó lọ ṣe é lójú rẹ̀, bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní ikọ́ náà kò jinlẹ̀ tó, ó sì jókòó kọ́ ọ.

"Orí ara mi ni mo ti mú un, bọ̀dá," ni Fisáyọ̀ wí.

"Kò sí ẹnì kankan?"

"Kò sí."

Irewọlé ṣí ìwé eré. "Ó dáa. A ó fi sínú eré." Ó sì fi kún ọ̀rọ̀ tí Fisáyọ̀ yóò sọ nínú eré.

Irọ́ náà kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀, bí wọ́n ṣe jáde nílé ẹ̀kọ́, ó wọ kọ̀rọ̀pẹ̀ lọ sí Ìfọ́n láti lọ ṣe ohun tí òfin wí. Ìyá Nímọ́tà nìkan ló bá nílé, ó ń fẹ́ èèpo kúrò lára ẹ̀pà.

"Nímọ́tà ò tíì dé o. Jókòó. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, mà. Ẹ̀yin ni mo wá bá. Mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ ṣe kí ẹ bá mi wò ó."

"Kí ni nǹkan náà?"

Fisáyọ̀ dìde. Ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn wà ní ìbàdí obìnrin náà, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ti ń fẹ́ ẹ̀pà. Bó bá rẹ́rìn-ín, ó parí. Bí kò bá rẹ́rìn-ín ńkọ́? Korobá ni òun yóò padà sí, àti ẹni tó ń yán. Ó rántí bí kíláàsì ṣe dàrú lọ́jọ́ yẹn, ó sì tún jókòó.

"Ẹ jẹ́ n bá yín fẹ́ ẹ, mà," ló wí.

Ẹ̀pà ló fẹ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó padà sí Ìlobù pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà nínú irun, inú ń bí i sí òfin náà, inú ń bí i sí Irewọlé tó ṣe é, inú sì ń bí i sí obìnrin tó yọ́nú sí i jù. Ó sọ fún ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ pé Nímọ́tà gan-an ń fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé obìnrin náà kì í lọ sí àwùjọ kankan láti ìgbà tí ilé rẹ̀ ti jó. Kò ní rí i. Ta ni yóò mọ̀?

Tẹ́ẹ̀mù parí. Ọ̀sán ọjọ́ eré, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n lò ní Ìfọ́n kún débi pé àwọn kan ń wò láti ojú fèrèsé. Nímọ́tà jáde lọ kọrin kí wọn, ó kí tilé toko, ó kí Ìfọ́n, ó kí Ìlobù, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún méjèèjì. Nígbà tó padà sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó di Fisáyọ̀ mú.

"O ò mọ̀? Màmá mi wá. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní àwọn ò wá. Bí mo ṣe yọ báyìí, wọ́n ti wà ní ìlà iwájú. Láti ọjọ́ tá a ti sá, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jókòó láàárín èrò nìyí." Ojú rẹ̀ ń dán. "Jàlálù ní nǹkan tìrẹ máa pa mí lẹ́rìn-ín. Kí lò ń ṣe?"

"Wàá rí i," ni Fisáyọ̀ wí.

Nímọ́tà sáré lọ jókòó ti ìyá rẹ̀. Fisáyọ̀ yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Òótọ́ ni. Ìyá Nímọ́tà we gèlè tí kò rí lórí rẹ̀ rí, ó gbé ọ̀rá ẹ̀pà lé itan, Jàlálù sì ń wúkọ́ lórí ìtàgé, obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Rísíkátù, tó ń bá Fisáyọ̀ ró ìró, rí i pé kò yéé yọjú síta. "Kí ló dé? Ṣé ara ẹ ò yá ni? Bí o ò bá lè ṣe ti ilẹ̀kùn yẹn, kàn gbé korobá kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀. Irewọlé ò ní bínú."

Korobá náà wà lẹ́sẹ̀ wọn níbẹ̀. Ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ wà lórí àga. Ẹ̀rín tún bẹ́ nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀rín ńlá, ti ọ̀pọ̀ èèyàn, irú èyí tí Fisáyọ̀ kò tíì gbọ́ rí. Ti Jàlálù ni.

Ó mú kọ́kọ́rọ́.

Ó jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí kò ní ilé lẹ́yìn, ó tì í, ó fà á wò. Ó kí Bàbá Onílé. Ó rìn, ó dúró, ó fọwọ́ kan ìbàdí, ó yí ọrùn. Gbọ̀ngàn bú. Ó padà, ó fà á, ó tún lọ, ó tún yí ọrùn, ẹ̀rín náà dà lù ú bí omi òjò, ó sì gbé e. Rísíkátù sọ pé òun rí ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó ń tàn bíi ti ẹni tí wọ́n ń kí kú oríire.

"Ìyá," ni Jàlálù ké, "ẹ kúkú fẹ́ ilẹ̀kùn yẹn..."

"Ìyá Nímọ́tà mà nìyẹn," ni obìnrin kan wí láàárín èrò.

Kò pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ibi tó jókòó sí, ó ń kú lọ sí ẹ̀yìn, bí ìgbà tí wọ́n ń pa fìtílà láti yàrá dé yàrá. Fisáyọ̀ gbọ́ ọ. Ó yẹ kó dúró. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó tún yí ọrùn lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú agbára, bóyá yóò padà. Kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀ nìkan ló dún.

"Ọmọ Ìlobù ló wá fi í ṣẹ̀fẹ̀ níbí," ni ohùn ọkùnrin kan wí. "Ilé tó jó. Òun ló wá ń tì."

Ìyá Nímọ́tà dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá," ló ń wí fún àwọn tó wà ní ìlà náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó ṣe dé àárín ọ̀nà, ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí ìbàdí bí ó ti máa ń lọ. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé e kúrò níbẹ̀, ó sì jáde. Ọ̀rá ẹ̀pà wà lórí àga. Nímọ́tà tẹ̀ lé e.

Irewọlé ló jáde wá parí eré náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àgbà, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ọmọ Ìfọ́n ni ìyá rẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ náà má tíì padà wá ná. Nínú ọkọ̀, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà dùbúlẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ wọn. Jàlálù ti yọ ìrọ̀rí kúrò lábẹ́ agbádá, ó gbé e mọ́ra. Fisáyọ̀ ń dúró kí Irewọlé bú òun. Ìbá sàn. Ìgbà tí wọ́n dé Ìlobù ni Irewọlé tó sọ̀rọ̀.

"Mi ò ní lé ọ. Lọ ṣe ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ ṣe."

Nímọ́tà kò gbé ìpè Fisáyọ̀. Ó pè é títí fóònù fi kú. Nígbà tó sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá rẹ̀, màmá rẹ̀ kò béèrè ìwé. Ó wọ aṣọ, ó ní, "Dìde ká lọ."

Ìyá Nímọ́tà ń kó ẹ̀pà sínú ìgò nígbà tí wọ́n dé. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, tíṣà. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ọmọdé ni. Kò sí nǹkan tó ṣe."

Ohun tó burú jù nìyẹn. Fisáyọ̀ ti gbára dì fún ariwo, ó ti gbára dì fún ìgbájú pàápàá. Kò sí nǹkan tó ṣe, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tó ti há sórí, tí kò rí ibi tí yóò gbé e kà.

"Ọjọ́ tó o wá bá mi fẹ́ ẹ̀pà," ni obìnrin náà wí, "ohun tó o fẹ́ fi hàn mí nìyẹn, àbí?"

"Òun ni, mà."

"O ò bá ti fi hàn mí. Ó ṣeé ṣe kí n rẹ́rìn-ín. Nímọ́tà ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé mi ò ń rẹ́rìn-ín ni?" Ó gbé ìgò sílẹ̀. "Ṣe é kí n rí i."

"Mà?"

"Mi ò rí i dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ṣe é."

Fisáyọ̀ wo màmá rẹ̀. Màmá rẹ̀ wolẹ̀. Ó rìn lọ sí iwájú ilé, ó dúró, ó fọwọ́ kan ìbàdí, ó yí ọrùn. Ewúrẹ́ kan ń ké ní ilé kejì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe?" Nímọ́tà, tó fara ti òpó, ni obìnrin náà bi. "Mi ò mọ̀. Mo rò pé mo kàn ń wẹ̀yìn ni, bí gbogbo èèyàn ṣe ń wẹ̀yìn."

Ó tún mú ìgò náà. "Ọjọ́ tí wàhálà yẹn bẹ́, wọ́n ní ká máa sáré, mo fa Nímọ́tà lọ́wọ́, a sáré. A ti jìnnà kí n tó bi ara mi bóyá mo ti ilẹ̀kùn. Títí dòní, mi ò rántí. Mo mọ̀ pé iná ò bi ẹnikẹ́ni léèrè kọ́kọ́rọ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rántí."

Ó wọlé lọ gbé àtẹ rẹ̀. Fisáyọ̀ súnmọ́ òpó. "Nímọ́tà, má bínú. Ìwọ náà máa ń..."

"Èmi lè fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀," ni Nímọ́tà wí. "Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a sáré. Ìwọ ò sí níbẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ohun tí Fisáyọ̀ kọ́ nídìí òpó yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Ẹ ṣeré, ẹ pa wá lẹ́rìn-ín, ìlú wa nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣe èèyàn tó ń pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ lọ síwájú ẹni náà kí ẹ tó gbé e síta, nítorí ẹ kò mọ ibi tó ti rí i. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà yín láti ṣe é lójú rẹ̀, ẹ ti mọ̀ nìyẹn pé kò yẹ kí ẹ ṣe é lójú ẹlòmíì. Ẹ̀bẹ̀ dára, Fisáyọ̀ bẹ̀, wọ́n sì dárí jì í. Kò dá ohun tó bàjẹ́ padà.

Ìyá Nímọ́tà jáde. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àgádágodo wò, ó gbé àtẹ rù. Tẹ́lẹ̀, kì í di àtẹ mú. Orí rẹ̀ ló ń gbé e. Lọ́jọ́ yìí, ọwọ́ méjèèjì ló fi di etí àtẹ náà mú, ó dì í mú pinpin. Ó kí ìyá Fisáyọ̀ pé ó dàbọ̀. Nígbà tó dé orí pákó tí wọ́n gbé dábùú gọ́tà, ó dúró. Ìka rẹ̀ mì lára àtẹ. Fisáyọ̀ ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn pé kó wẹ̀yìn, kó kàn wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun lè mọ̀ pé òun kò gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ lórí pákó, ó kọjá lábẹ́ igi máńgòrò, ó gba ọ̀nà ọjà lọ. Kò wẹ̀yìn.